Kí Orin Má Bo Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀

Láti ìgbà tí William Akuffo ti gbé fíìmù Zinabu jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní 1987 ni fídíò ti di òwò gidi ní Accra. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù ní Cow Lane níbẹ̀ lè to fídíò ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀. Orin ló sábà máa ń bà á jẹ́: wọ́n á gbé e sókè débi pé àdúrà àwọn àgbà kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ní èdè Yorùbá tiwa, àṣìṣe yìí burú ju ti èdè Òyìnbó lọ, nítorí ohùn ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Gángan náà ohùn kan náà ló ń lò. Bó bá ń dún lábẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹnu méjì ló ń jà sí etí kan.

Ẹlòmíràn á ní àríyá tí orin rẹ̀ kò dún kì í ṣe àríyá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ní kí a pa á? Ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ká gbé e padà bó bá parí. Bí a bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 10 dín in kù, bí ìdajì ni etí á gbọ́ ọ. Lábẹ́ àdúrà, èmi á dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ́wọ́ àti agogo kì í pẹ́, wọ́n lè dún díẹ̀ sí i, bí wọn kò bá ṣáà ti gorí ọ̀rọ̀.