Ẹgbẹ́ Ló Ń Kọ́ Ọ̀gágun

Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ẹ mọ Báráàkì Arakan. Ẹ sì lè rò pé àṣẹ àti ìbẹ̀rù nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀gá ológun. Àṣẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wọlé ni kádẹ́ẹ̀tì ti ń kọ́ púpọ̀ nínú bí a ṣe ń ṣe aṣíwájú.

Ní Nigerian Defence Academy ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, coursemate ni wọ́n ń pe irú wọn. Níwájú olùkọ́, gbogbo kádẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe ara gírí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹsẹ̀ ti bó, tí oorun ń kun èèyàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń rí irú ẹni tó jẹ́. Wọ́n á bá a gbé nínú ẹrù rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún un pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, etí àwọn èèyàn ti di sí àṣẹ rẹ̀. Bí ọ̀gá ló sọ ọ́, ẹ̀rù á bà á; bí ẹgbẹ́ ló sọ ọ́, á rò ó wò. Ní Ranger School ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ ń fún ara wọn ní máàkì, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ sì lè pàdánù àyè rẹ̀.

Arakan tí wọ́n fi sọ báráàkì Àpápá yẹn lórúkọ wà ní Burma, níbi tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá Japan jà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní 1942, ọmọ ọdún 16 péré. Ní 1944, ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ létí odò Kaladan. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone tí òun náà gbọgbẹ́, ló kù nínú igbó, láìsí ọ̀gá tí yóò pàṣẹ. Ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ń bọ́ wọn, ó sì ń fi wọ́n pamọ́, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn méjèèjì padà sílé láàyè.

Ẹ má fi dídúró ti ẹgbẹ́ ẹni báyìí wé bíbo àṣírí ẹni tó hùwà ìkà o. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe ìyẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Bí ọmọ yín bá ń lọ sí Kàdúná, ẹ kìlọ̀ fún un kó má sáré fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn, kó sì gbọ́ ìbáwí ẹgbẹ́ rẹ̀.