Jibril Ará Sudan àti Àwọn Tó Gbà Á Gbọ́

Bàbá Táyọ̀, ẹ bi mí pé báwo ni ẹni tó kàwé jáde ní yunifásítì, tí orí rẹ̀ sì pé, ṣe máa gbà pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti kú sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2017, pé ọkùnrin ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jibril ni wọ́n gbé jókòó sórí àga rẹ̀ ní Aso Rock. Ẹ ní àìmọ̀kan ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó, nítorí bí a bá ti pè é ní àìmọ̀kan, a ò ní rí ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni Buhari tún wọkọ̀ òfúrufú lọ gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ló tó padà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ló ń ṣe adelé, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún ọmọ Nàìjíríà irú àìsàn tó ń bá ààrẹ wọn jà. Inú òkùnkùn yẹn ni Nnamdi Kanu, olórí IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Biafra, ti rí àyè gbé ìtàn Jibril kiri. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò àtijọ́ wé tuntun lórí WhatsApp, wọ́n ń yẹ etí wò, wọ́n ń yẹ ojú wò. Ó ràn débi pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí Buhari lọ sí Poland fún ìpàdé lórí ojú ọjọ́, wọ́n bi í léèrè níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀. Ó dáhùn pé òun gan-an nìyí, pé òun máa tó pé ẹni ọdún 76.

Ẹ wá kíyè sí àwọn tó gbà á. Nínú àwọn tí mo mọ̀, kò sí ẹnì kan tó fi tọkàntọkàn dìbò fún Buhari tó tún gba ọ̀rọ̀ Jibril gbọ́. Àwọn tí ìjọba rẹ̀ ti sú tipẹ́ ni. Ẹ má sì rò pé alátakò nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok. Goodluck Jonathan ló wà lórí oyè, ìdìbò sì ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan tó fẹ́ràn Jonathan ju ara wọn lọ ń sọ pé wọn ò jí ọmọ kankan gbé, pé àwọn alátakò ló pète rẹ̀ kí ọkùnrin náà lè fìdí rẹmi. Àwọn òbí ń sunkún lójú gbogbo ayé, wọ́n ní eré ni. Ọjọ́ tí Buhari gba 82 lára àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀, lálejò ní Àbújá, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn àjò tí wọ́n ní ó kú sí. Ti Chibok yìí dùn mí ju ti Jibril lọ, nítorí orí òbí tó ń wá ọmọ ni wọ́n pa irọ́ yẹn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Honolulu ni wọ́n bí Barack Obama sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1961. Ìwé ìròyìn méjì nílùú náà kéde ìbí rẹ̀ lóṣù yẹn kan náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Republican gbà pé Kenya ni wọ́n bí i sí, kódà lẹ́yìn tó gbé ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ síta lọ́dún 2011. Àwọn tó sì ń sọ pé ìjọba George W. Bush lọ́wọ́ nínú ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọ̀dọ̀ àwọn Democrat ni wọ́n pọ̀ sí. Ọ̀mọ̀wé méjì, Joseph Uscinski àti Joseph Parent, ka lẹ́tà tó lé ní 100,000 tí àwọn òǹkàwé kọ sí New York Times láti ọdún 1890 sí 2010. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ tó bá wà lórí oyè ni ẹ̀sùn rìkíṣí máa ń dojú kọ. Bí ìjọba bá ti yí padà, ẹ̀sùn náà á ṣí lọ bá ẹni tuntun.

Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi kì í fẹ́ gbọ́ pé aráàlú ló kọ̀ wọ́n. Ó tù ú lára kó gbọ́ pé rìkíṣí ni wọ́n fi gba oyè. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwé kíkà ò sì wo èyí sàn, Bàbá Táyọ̀. Ẹni tó kàwé mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rí jọ, èyí tó bá gbè é lẹ́yìn ló sì máa lọ wá.

Síbẹ̀, mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru aráàlú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, wọ́n gbé Umaru Yar'Adua, ààrẹ ìgbà yẹn, lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia. Wọ́n ń sọ fún wa pé ara rẹ̀ ń yá. Òru ni wọ́n gbé e wọlé ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, aráàlú ò sì fojú kàn án mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ìyẹn ṣojú rẹ̀ nídìí láti fura lọ́dún 2017, ìfura náà sì tọ́ lójú mi. Ìjọba tó bá ń fi àìsàn olórí pa mọ́ ló ń bá àwọn oníJibril ro oko wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni náà fò láti orí "wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́" dé orí "Jibril ni." Kí ìyẹn tó lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà, mínísítà, gómìnà, ẹ̀ṣọ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọmọ bíbí inú Buhari gbọ́dọ̀ panu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàwó rẹ̀ náà ń kọ́? Aisha Buhari ló sọ fún BBC ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016 pé bí ọkọ òun ò bá tún ìjọba rẹ̀ tò, òun lè má tì í lẹ́yìn mọ́ ní ìdìbò tó ń bọ̀. Obìnrin tó sọ èyí sétí gbogbo ayé nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lórí oyè, òun ni wọ́n ní ó gba àjèjì sílé ní ipò ọkọ, tí kò sì wí nǹkan kan.