Ìdun Inú Ibùsùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbá iyàrá lójoojúmọ́ tí kì í gbé tìmùtìmù kúrò láti wo abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìdun fi ṣe ilé.

Ìdun kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò. Inú ẹrù ìrìn-àjò, aṣọ àti àga àlòkù ni ó ń gbà wọlé. Lọ́sàn-án, a máa fara pamọ́ sí ojú rírán tìmùtìmù, àlàfo pákó bẹ́ẹ̀dì àti ihò ara ògiri. Lóru ni ó ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n sí ohun tí ń kó àrùn ran ènìyàn bí ẹ̀fọn ti ń kó ibà ràn wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò họra mọ́jú tí ara rẹ̀ yóò le? Ibi tí èékánná bá sì bó lára ọmọdé lè di egbò. Kì í ṣe ilé ẹlẹ́gbin nìkan ni ìdun ń wọ̀. Ìtìjú ni ó ń mú àwọn ẹlòmíràn dákẹ́ títí ilé yóò fi kún.

Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìtẹ́sùn, aṣọ ìbora àti àpò ìrọ̀rí. Ẹ da omi híhó sí gbogbo àlàfo igi bẹ́ẹ̀dì. Oòrùn dára fún ẹní, ṣùgbọ́n kì í sábà mú inú tìmùtìmù tí ó nípọn gbóná tó láti pa ìdun. Nítorí náà, ẹ fi iná wo ojú rírán rẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ẹyin tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ẹyin yìí kò ju bí mìlímítà 1 lọ, ó sì lè pa láàárín ọjọ́ 6 sí 10. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan péré kò tíì ṣe é. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sórí ibùsùn, pàápàá èyí tí a ń pè ní dichlorvos. Májèlé ni. Ó ń gba imú àti awọ ara wọlé, ọmọ tí ó sùn lé e kò sì lè sá. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dà á sí ibùsùn, kí a má ṣe sùn níbẹ̀. Kí a ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí èébì bá ń gbé ẹni tí ó fà á símú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí kò lè mí dáradára, ẹ gbé e jáde síta, ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn náà ti kàn kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.