Ohun Ìdìgbòlù Lójú Ọ̀nà: Ilé Ìjọsìn, Ìgboro àti Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá

Léfítíkù 19:14 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òfin tí a kì í sábà gbọ́ ìwàásù lé lórí. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti jẹ́ kí Ísírẹ́lì mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣépè lé adití tí kò lè gbọ́ ọ, tàbí tó gbé nǹkan sójú ọ̀nà kí afọ́jú lè kọsẹ̀, kò bẹ̀rù Òun. Bí a bá ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀, owó iṣẹ́ alágbàṣe tí kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́jú ni ó ń sọ. Bí a bá ka èyí tó tẹ̀ lé e, ìdájọ́ tí kò gbọdọ̀ ní ègbè nínú ni. Àárín owó iṣẹ́ àti ìdájọ́ ni Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ adití àti afọ́jú sí. Kò fi í sábẹ́ ìtọrẹ àánú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Ohun kejì tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ṣàkíyèsí ni pé òfin náà kò béèrè ohun tó fọ́ ojú afọ́jú. Òkúta tó wà lójú ọ̀nà ni ó dojú kọ, àti ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀. Ojú lè má tíì là, ṣùgbọ́n òkúta ṣeé gbé kúrò lónìí. Orí èyí ni a fẹ́ gbé àlàyé wa kà nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń múra fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ bí a ṣe ń gbàdúrà fún arọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ronú nípa àtẹ̀gùn tí arọ náà ní láti gùn kó tó dé ibi tí àdúrà wà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí orúkọ. "Aláàbọ̀ ara" ni Yorùbá ti ń sọ tipẹ́. A kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí Ọlọ́run dá ní ààbọ̀. "Àkàndá ẹ̀dá" tí àwọn oníròyìn rédíò ń lò báyìí sàn jù ú lọ, òun ni a ó sì máa lò.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo arábìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tó fẹ́ wá sí ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ní Ẹdẹ. Gọ́tà wà láàárín ilé rẹ̀ àti títì. Pákó méjì ni wọ́n fi ṣe afárá sórí rẹ̀, kò sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, nítorí náà ẹnì kan ní láti gbé òun, kí ẹlòmíràn gbé kẹ̀kẹ́. Ọlọ́kadà kò lè gbé e. Oní-márúwá tó bá gbà láti di kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ẹ̀yìn yóò gba owó èrò méjì. Ó dé ilé ìjọsìn, ó bá àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú ilẹ̀kùn. Àwọn adènà, ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, yóò sáré wá, wọn yóò gbé e lápá, wọn yóò gbé e lẹ́sẹ̀, aṣọ rẹ̀ yóò sì ká sókè lójú gbogbo ènìyàn. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, a kò jiyàn. Àmọ́ ìyàwó ilé ni, ìyá ọlọ́mọ ni, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Nínú ilé, kò sí àyè fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì, wọ́n á gbé e sí ẹ̀yìn pátápátá tàbí síwájú gan-an, níbi tí gbogbo ojú yóò ti máa wò ó. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi mu omi láti àná. Bí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹrin yóò jókòó sílé, pásítọ̀ rẹ̀ yóò sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń tutù nínú ẹ̀mí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ ní 2022 pé ènìyàn bílíọ̀nù 1.3, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà, ló ń gbé pẹ̀lú ìpèníjà ara tó lágbára. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a lè fojú dá mọ̀. Etí tó ń di wà nínú rẹ̀, ojú tó ń ṣú wà nínú rẹ̀, orúnkún àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí ìjọ tó ní ọmọ ìjọ 300 bá wo àárín ara rẹ̀ tí kò rí ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, ó yẹ kó béèrè ibi tí àwọn yòókù wà.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú wa yóò fi dáhùn. Wọn yóò ní, "Ìjọ ìwòsàn ni tiwa. Kí la fẹ́ fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ arọ ṣe nínú ilé tí arọ ti ń rìn?" Àwa náà gba ìwòsàn gbọ́, a sì ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwòsàn tí kò ní àyè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì dá yóò di ẹ̀sùn sí onítọ̀hún lọ́rùn. A ó kọ́kọ́ sọ pé kò ní ìgbàgbọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, a ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wà. Níkẹyìn a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ègún ìdílé rẹ̀ kiri. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè irú ìbéèrè yìí nínú Jòhánù 9, Jésù sì kọ̀ ọ́ lápá méjèèjì: kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Àwọn baba wa tí kò mọ Kristi ní Ọbàtálá ló mọ ènìyàn, pé ọjọ́ tó mu ẹmu yó ló mọ arọ, abuké àti àfín. A kò gba ìtàn náà. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn wọ̀nyí ní ẹni òrìṣà, tí wọ́n sì kà á sí èèwọ̀ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun ìtìjú ni bí ọ̀wọ̀ tí ìjọ Ọlọ́run alààyè ń fún wọn kò bá tó èyí.

Ẹ wo Mefiboṣeti nínú 2 Sámúẹ́lì 9. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó já bọ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Dáfídì ránṣẹ́ mú un wá láti Lodebari, ó sì ń jẹun nídìí tábìlì ọba bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba. Ẹsẹ tó kẹ́yìn orí náà tún padà sọ fún wa pé arọ ni. Ẹni tó kọ ìwé náà fẹ́ kí a mọ̀ pé oúnjẹ náà kò dúró de ẹsẹ̀. Dáfídì kan náà ni wọ́n tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ nínú 2 Sámúẹ́lì 5:8 pé afọ́jú àti arọ kì yóò wọ inú ilé. Nígbà tí Ọmọ Dáfídì dé tẹ́ńpìlì nínú Mátíù 21, ó kọ́kọ́ dojú tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó dé. Ẹsẹ 14 sì sọ pé afọ́jú àti arọ wá bá a nínú tẹ́ńpìlì níbẹ̀. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò: ohun tó gba àyè kúrò, àwọn tí kò ráyè wọlé wọlé, ìwòsàn wá tẹ̀ lé e, nínú ilé.

Nínú Máàkù 2 pẹ̀lú, ìgbàgbọ́ àwọn mẹ́rin tó dá òrùlé lu ni a sábà máa ń wàásù. Kí ni ti àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà? Wọn kì í ṣe ọ̀tá Jésù. Àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Rẹ̀ ni.

Àwọn kan ti fi Léfítíkù 21:17-23 bi wá pé, ṣé àkàndá ẹ̀dá lè gba ìfinijoyè pásítọ̀? Òfin rírú ẹbọ ni ibẹ̀ yẹn, níbi tí ara àlùfáà àti ara ẹran ti jọ ń ṣàpẹẹrẹ Ẹni tó ń bọ̀. Ìwé sí àwọn Hébérù fi hàn pé Ó ti dé, ẹbọ náà sì ti parí. Kódà nígbà náà, àlùfáà tó ní àbùkù ara ń jẹ nínú oúnjẹ mímọ́ jùlọ. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò ní ìdílé Áárónì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jinlẹ̀ sí i, kó ka Aísáyà 56 mọ́ ọn.

Òfin ilẹ̀ wa náà ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú ní 2011. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe, kí arọ lè wọlé kí ó sì jáde bí àwọn ẹlòmíràn. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù Kìíní 2024. Àjọ tó bá ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lè san ₦1,000,000; ẹni tó bá dá a ṣe lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá buwọ́ lu àwòrán ilé tí kò bá òfin yìí mu náà ní ìjìyà tirẹ̀. Ó tún kọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni máa mú àkàndá ẹ̀dá kiri ìta láti fi tọrọ owó, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ fídíò lé arọ lójú nígbà ìsọjí fetí sí dáadáa.

Bóyá ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ilé tí ará ìlú ń lò, a ti gbọ́ tí àwọn kan ń jiyàn rẹ̀. Àwa kò rí bí ẹni tó kọ ọ́ sára pátákó iwájú ilé rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni òun ń pè ṣe lè sọ pé ilé àdáni ni. Òfin yìí kì í sì ṣe ti orí ìwé nìkan. Ní oṣù Kẹta 2024, ilé oúnjẹ kan ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Èkó kò jẹ́ kí ọkùnrin kan wọlé nítorí kẹ̀kẹ́ arọ tó jókòó lé. Àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ti ilé oúnjẹ náà pa, wọ́n sì ní kó tọrọ àforíjì. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ojú pọ̀ sí. Ta ló ń wo ilẹ̀kùn báǹkì onígíláàsì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo wọlé, tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gbà? Ta ló ń wo kíláàsì tí wọ́n gbé sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí ọjà tí kò ní ojú ọ̀nà kan tí ọ̀pá afọ́jú lè tọ̀? Ní Ẹdẹ, níbi tí ọmọ ìyá kan ti lè lọ sí mọ́ṣáláṣí kí èkejì sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ àti àlùfáà lè jọ gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà àti títì lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ àti ti Gúúsù, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn tàbí mọ́ṣáláṣí ẹnikẹ́ni. Pé ó ṣeé ṣe, àjọ elétò ìdìbò INEC fi hàn díẹ̀ ní 2019, nígbà tó pèsè ìwé oníbíréèlì tí afọ́jú lè fi dìbò fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀rọ̀ adití ló ṣòro jù fún wa, nítorí ìjọ wa jẹ́ ìjọ ohùn: orin, ìlù, àdúrà kíkankíkan. Ẹdẹ fúnra rẹ̀ ni ìlú Timi John Adétóyèṣe Láoyè, ọba onílù tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975. Nínú gbogbo ìró yìí, adití jókòó, ó ń wo ẹnu. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó pàdánù ìgbọ́ràn rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11, rí èyí kí àwa tó rí i. Ó dé Ghana ní 1957, ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Accra, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ìhìnrere ló gbé e wá, èdè ọwọ́ ló sì fi wàásù rẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ náà lọ káàkiri Áfíríkà títí ọkọ̀ òfurufú fi já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní 1987. Ìjọ tó bá ń wá ògbufọ̀ èdè ọwọ́ lónìí kò ní láti rìn jìnnà: kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Kí ìjọ rán ọ̀dọ́ méjì lọ kọ́ èdè náà. Owó rẹ̀ kò lè tó owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan.

Ní ti ilé, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí bíríkìlà ṣe ń sọ ọ́. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 6 jẹ́ ínǹṣì 18. Ìlànà tí àwọn akọ́lé ń tẹ̀ lé fún ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ ń gbà, tí wọ́n ń pè ní ráǹpù, ni pé bí ó bá lọ sókè ní ínǹṣì kan, kí ó lọ síwájú ní ínǹṣì 12. Nítorí náà ti àtẹ̀gùn mẹ́ta yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18. Èyí tí a sábà máa ń rí kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Kò sẹ́ni tó lè dá ti kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ gun ìyẹn, bó bá sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó lè gbé e ṣubú. Kí a má ṣe lẹ táìlì dídán mọ́ ọn, òjò yóò sọ ọ́ di yọ̀yọ̀. Kí irin ìdìmú wà lápá méjèèjì. Kí àyè ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó ínǹṣì 32 ó kéré tán nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí àyè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sì wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí kẹ̀kẹ́ ti lè yí. Kí ọ̀nà kan gun orí pẹpẹ pẹ̀lú, nítorí oníwàásù ọ̀la lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A ti rí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ráǹpù tó dára gan-an. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ẹni tó bá ṣì ń kọ́lé ni iṣẹ́ yìí rọrùn fún jù, nítorí orí ìwé ni yóò ti tún un ṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé àkàndá ẹ̀dá kan nínú ìjọ rẹ̀, kó bi í ibi tí ọ̀nà ti dí mọ́ ọn, kó sì jẹ́ kí ó wá wo ilé ìjọsìn pẹ̀lú àwọn alàgbà kí wọ́n tó pe bíríkìlà. Bí owó ráǹpù kò bá tíì sí, bẹ́ǹṣì wà. Kí a gé ọ̀kan kúrú ní àárín ìjọ, kí kẹ̀kẹ́ arábìnrin wa lè bọ́ síbẹ̀, kí ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Káfíńtà kan yóò ṣe é tán kí ilẹ̀ tó ṣú.