Ìrora kò lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ scoliosis: Dókítà wo ló yẹ kí ẹ wá?

Scoliosis ni kí ọ̀pá ẹ̀yìn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá le, dókítà a máa fi irin dè é kí àwọn eegun náà lè so pọ̀. Ó lè gba tó ọdún kan kí wọ́n tó so.

Bí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn èyí, tàbí tó lọ tó tún padà, eegun lè má so, irin lè dá, tàbí kí kòkòrò àrùn wọ ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bí kò bá sí ojútùú, ẹ wá oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti tún irú rẹ̀ ṣe rí. Ní Nàìjíríà, ẹ lè béèrè ní ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì, Èkó. Ní Ghana, ilé ìwòsàn FOCOS tí Oheneba Boachie-Adjei dá sílẹ̀ wà ní Accra.

Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ àti àwòrán X-ray àtijọ́ dání, kí dókítà lè fi wọ́n wé ti ìsinsìnyí. Kì í ṣe gbogbo ìrora ló ń béèrè iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tàbí tí ẹ kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.