Ìṣẹ́jú 18 Tó Dé Sundance

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mọ́wé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ọkọ̀ tó gbéra. Kọ̀ndọ́ á ní ó ku ẹnì kan. Ẹnì kan ọ̀hún á wọlé, á tún ní ó ku ẹnì kan. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán, èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè ti fi fóònù rẹ̀ wo fíìmù Lizard láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ìṣẹ́jú 18 péré ni. Ìṣẹ́jú 18 yìí náà ló gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún fíìmù kúkúrú ní àjọ̀dún Sundance, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021.

Akinola Davies Jr. ló darí rẹ̀; òun àti Wale, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin mọ Wale dáadáa, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: òun ni Tec, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jẹ́ Show Dem Camp.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ló wà nínú ìtàn náà. Juwon ni wọ́n ń pè é, bí ewu bá sì ń bọ̀, ara rẹ̀ máa ń sọ fún un. Wọ́n lé e jáde ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ tí wọ́n lé síta, tí àwọn òbí rẹ̀ sì wà nínú ìsìn, kí ni yóò ṣe ju pé kó máa rìn kiri? Ó ń rìn kiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà, nílùú Èkó, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e dé ibi tí kò yẹ kí ojú ọmọdé dé, tó sì rí ohun tí àwọn àgbà ń ṣe nígbà tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ìrírí àwọn Davies fúnra wọn wà lábẹ́ ìtàn yìí: nígbà tí wọ́n ṣì kéré, àwọn adigunjalè dá ìdílé wọn lọ́nà bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ pé alángbá ni wọ́n fi sọ fíìmù lórúkọ, òwe ògiri tó lanu ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Bóyá ohun tí olùdarí ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn, àmọ́ òwe náà bá ṣọ́ọ̀ṣì inú fíìmù yìí mu ju ọ̀pọ̀ àlàyé lọ. Ará Mọ́wé àti Ìbafọ̀ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàpèjúwe ọgbà ìjọ ńlá fún wọn. Àwọn tó ń rí èrò Redemption City àti ti Prayer City lójú títì márosẹ̀ mọ bí ọmọdé ṣe lè sọnù láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀.

Kí wá ni fíìmù kúkúrú? Fún àwọn tó ń fúnni ní Oscar, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 40 lọ, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é tó máa ń jáde nígbẹ̀yìn. Ti àjọ̀dún Cannes, ní ilẹ̀ Faransé, tún le jù bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú 15 ni. Fún àwa tí fíìmù alápá kìíní àti apá kejì tọ́ dàgbà, ó lè dà bíi pé owó olówó ló tán láàárín ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù gígùn, ìyá Juwon á ti gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, aládùúgbò á ti sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n á ti padà sẹ́yìn lọ wo ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìṣẹ́jú 18 ò gba gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ló ń jẹ́ kí èyí tó kù wọni lára.

Davies nìkan kọ́ ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2021 kan náà, Rehearsal tí Michael Omonua ṣe wọ ìdíje fíìmù kúkúrú ní Berlin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu tí àwọn òṣèré ń fi dánra wò ló dá lé. Olive Nwosu gbé Egúngún lọ sí Toronto lọ́dún yẹn, ìtàn obìnrin kan tó padà sí Èkó nítorí ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ṣáájú wọn, lọ́dún 2018, àwọn ìbejì Esiri, Arie àti Chuko, ti mú Besida dé Berlin, kí wọ́n tó ṣe Eyimofe, fíìmù wọn gígùn. Àwọn ará Gánà náà ò gbẹ́yìn: Da Yie, tí Anthony Nti darí, gba ẹ̀bùn àgbà ti ìdíje àgbáyé ní Clermont-Ferrand, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2020. Fíìmù kúkúrú nìkan ni wọ́n ń torí rẹ̀ pàdé níbẹ̀, láti ọdún 1979.

Owó ńkọ́? Ká má purọ́, kò sí. Ilé sinimá tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 18 ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó gbé kámẹ́rà fẹ́ gbowó, òṣèré fẹ́ jẹun, jẹnẹrétọ̀ fẹ́ mu epo. Ohun tí fíìmù kúkúrú ń mú wálé ni pé ẹni tó lówó á rí ohun tí èèyàn lè ṣe kó tó yọ owó. Lóòótọ́, AMAA, àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀bùn fíìmù nílẹ̀ Áfíríkà, ní ẹ̀bùn tirẹ̀ fún un nílé, èyí tí wọ́n fi orúkọ Efere Ozako tó ti dolóògbé pè, àmọ́ ẹ̀bùn ò sanwó oúnjẹ lọ́kéṣọ̀n.

Àwọn ọmọ kan ò tiẹ̀ dúró de owó. Ní Ìkòròdú, Ikorodu Bois fi ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn tún ìpolówó fíìmù Extraction ti Netflix ṣe lọ́dún 2020, títí ó fi dé etí àwọn Russo tó ṣe ojúlówó rẹ̀, tí àwọn yẹn sì ní kí àwọn ọmọ náà wá síbi tí wọ́n á ti ṣí apá kejì fíìmù náà. Eré àfarawé nìyẹn, kì í ṣe fíìmù kúkúrú bíi ti Davies. Síbẹ̀ fóònù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ò yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ń wọ rélùwéè láàárọ̀ ní Àgbàdo lọ sí Oyíngbò. Ẹni tó bá ń wá ìtàn, kó wo ojú àwọn tó jókòó nínú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀ lálẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 2012 ni Wale Davies fi ìwé eré kúkúrú kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Baba wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré gan-an, ìwé náà sì ń béèrè bí ì bá ti rí ká ní wọ́n lo ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ̀. Lizard ló kọ́kọ́ jáde. Èyí tí wọ́n kọ ṣáájú ń dàgbà lọ́wọ́ wọn, ó sì di fíìmù gígùn, My Father's Shadow. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Cannes yàn sínú ètò rẹ̀ gan-an, àwọn adájọ́ tó ń wo iṣẹ́ àkọ́ṣe sì dárúkọ rẹ̀ sí rere. Ọdún 1993 ni ìtàn inú rẹ̀ wáyé, lásìkò ìbò June 12. Baba kan kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì láti abúlé wọ Èkó, ó fẹ́ lọ gba owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́. Sope Dirisu ló ṣe baba náà. Àwọn ọmọ méjì tó tẹ̀ lé e, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n nílé tiwọn náà.