Adùn Olómi Nínú Kéèkì Tí Kò Lẹ́yin: Ẹ Má Fi Ife Rọ́pò Ife

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kọ́ mi pé ó yẹ kí a wo ẹnu àáké náà dáadáa kí a tó nawọ́ sí oyin.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ṣe kéèkì ní Mayfair níbí, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ kéèkì 20 fún ayẹyẹ kan. Oníbàárà ní òun kò fẹ́ ẹyin, òun kò fẹ́ mílíkì, òun kò fẹ́ bọ́tà, òun kò sì fẹ́ ṣúgà funfun. Ìyá wa ní kò sí wàhálà. Ó lọ ra oyin. Ibi tó ti máa ń da ife ṣúgà kan tẹ́lẹ̀, ó da ife oyin kan. Kò dín omi kù, kò dín iná kù. Nígbà tí kéèkì jáde, orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ rọ̀ pọ̀jọ̀ bí ẹ̀kọ, àárín rẹ̀ sì rì wọlẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni pé nígbà tó ṣàlàyé fún oníbàárà pé oyin ni òun lò, ẹni yẹn ní, "Ẹ̀yin Mọ̀mọ́, mo sọ fún yín pé n kì í jẹ ohun tó bá ti ara ẹranko wá. Ṣé kì í ṣe kòkòrò ló ń ṣe oyin ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun ṣòfò, oyin ṣòfò, ó sì tún dá owó àsansílẹ̀ padà. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ló fi ra ọjà yẹn. Oṣù náà kò rí owó san, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bóyá ọrùn wọn ni a máa gbé e kọ́. Bó ṣe di ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, nítorí ọwọ́ mi ni ìwé gbèsè wà.

Ẹ má sọ pé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ìjọ Adventist, tí wọ́n ní ilé ìwòsàn nílùú wa níbí, ti ń kọ́ ọmọ ìjọ wọn láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n fi ewébẹ̀ àti èso ṣe oúnjẹ ju ẹran lọ, àwọn kan nínú wọn kì í sì í fẹnu kan ẹyin. Ọdún 1944 ni àwọn kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá sílẹ̀, tí wọ́n sọ ara wọn ní vegan. Lónìí, a ń rí wọn láàárín àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú. Owó wọn kì í ṣe owó burúkú. Iṣẹ́ wọn ló fẹ́ òye.

Kí ló wá ba kéèkì yẹn jẹ́? Àkọ́kọ́, ṣúgà kì í ṣe adùn nìkan. Ara ni fún kéèkì. Bí ẹ bá ń po ṣúgà gbígbẹ mọ́ bọ́tà, ó ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń jẹ́ kó wú. Adùn olómi kò lè ṣe èyí. Ìkejì, omi wà nínú oyin fúnra rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù oyin, omi tó bíi gíráàmù 17 tàbí 18 wà níbẹ̀. Ìkẹta, irú adùn tó wà nínú oyin àti èso máa ń yára pọ́n lórí iná ju ṣúgà lọ.

Ẹ wo ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Èso pupa kan wà ní ìdí rẹ̀, nítòsí ilẹ̀, tí àwọn ọmọdé mọ̀ lóko kòkó. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands yọ ohun tó dùn nínú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000, ìwọ̀n sí ìwọ̀n. Síbẹ̀, òun nìkan kò lè ṣe kéèkì, nítorí bíńtín tí a ó lò kò ní ara. Ẹ rí i pé adùn ọ̀tọ̀, ara kéèkì ọ̀tọ̀.

Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ mọ̀ sórí nìyí. Bí ẹ bá máa lo ife ṣúgà kan tẹ́lẹ̀, ẹ lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife adùn olómi. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin ife kúrò nínú omi tí ẹ fẹ́ fi pò ó. Bí iná yín bá wà ní 180 tẹ́lẹ̀, ẹ mú un wá sí bíi 165, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá ní ófìnì tó ń ka iná, kó dín ẹ̀yinná kù, kó sì fi bébà bo orí kéèkì bó bá ti ń pọ́n jù.

Fún ẹni tí kì í jẹ oyin, dàbínò ni mo fara mọ́ jù, ẹ ó rí i rà lọ́wọ́ àwọn ará Sábó. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ rẹ ife kan sínú ife omi gbígbóná kan títí yóò fi rọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Ó máa ṣàn jù ní báyìí, nítorí náà ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi máa já bọ́ lẹ́nu ṣíbí bí oyin. Omi ìrèké tí a sè títí tó fi ki náà dára.

Bí a ṣe máa ń pò ó: ife ìyẹ̀fun kan àbọ̀, ṣíbí tíì kan baking soda, iyọ̀ díẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife omi dàbínò tó ki, ìdá kan nínú mẹ́ta ife òróró, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife omi. Gbogbo rẹ̀ yó tán kí ẹ tó fi ṣíbí ọbẹ̀ kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i. Ìkan rẹ̀ àti soda yẹn ló máa hó, òun ló máa gbé kéèkì sókè dípò ẹyin. Bó bá ti hó, ẹ má dúró sọ̀rọ̀, ẹ tètè gbé e sínú iná. Ẹ má sì lo bọ́tà alágolo láìka ara rẹ̀, nítorí mílíkì wà nínú òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ tajà. Oyin àti dàbínò, ṣúgà náà ni lára. Ẹ má sọ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ pé kéèkì yín kò lè pa á lára. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tó léwu fún ìkókó.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó. Ká ní ṣúgà inú kéèkì kan jẹ́ ₦600, tí dàbínò rẹ̀ jẹ́ ₦1,500. Ìyàtọ̀ ₦900 ni. Lórí kéèkì 20, ₦18,000 nìyẹn, láìtíì ka gáàsì tó pẹ́ sí i lórí iná. Ẹni tó bá tà á ní iye àtijọ́, èrè rẹ̀ ló ń jẹ, lẹ́yìn náà yóò jẹ owó ẹgbẹ́.

Ìgbìmọ̀ wa ti wá fẹnu kò. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó fún irú iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ dán kékeré wò lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kọ ìwọ̀n àti iye rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì jẹ́ kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí kì í jẹ. Ní ti ìyá wa, a sún ọjọ́ sísan rẹ̀ síwájú fún oṣù méjì, ó sì ti san án tán. Kéèkì dàbínò ló fi san án. Èmi fúnra mi jẹ níbẹ̀, mo sì bu kún un.

Ẹ gbé tiyín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ kí a jọ tọ́ ọ wò. Ire o.

Akọ̀wé yín